Ihò ló bàjẹ́, síkúrúù kọ́

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde. Bí síkúrúù bá ti ń yí lásán nínú igi ìbọn àtijọ́, tí kò di nǹkan kan mú mọ́, ẹ má wá síkúrúù tó tóbi jù ú lọ fi rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àtúnṣe. Ó máa gùn díẹ̀ o, ẹ fara balẹ̀.

2/
Kí ẹ tó bi mí: èmi kì í ṣe ọdẹ, mi ò sì ṣe ṣọ́jà rí. Iṣẹ́ igi ni mò ń ṣe níbí, nílùú ọba. Àga, àpótí, rédíò onígi, ohunkóhun tó bá ti dàgbà ju bàbá mi lọ. Ìdí ìbọn ogun àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n máa ń gbé wá. Igi yẹn nìkan ni wọ́n ń gbé wá o. Irin rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé-àṣẹ, ibẹ̀ náà ló sì yẹ kó wà.

3/
Èyí tí mo máa ń rí jù ni Lee-Enfield. Ọdún 1895 ni àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gba ìbọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Ẹ̀dà kúkúrú tí wọ́n ń pè ní Mark III dé ní 1907. Wọ́n gbé e ja ogun àgbáyé kìíní, wọ́n tún gbé e ja ìkejì.

4/
Ṣé ó kàn wá? Ó kàn wá dáadáa. Nínú ogun kejì, wọ́n kó àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ jà ní Bọ́mà nínú 81st àti 82nd West African Division. Ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Lee-Enfield ni wọ́n gbé kọ́ èjìká wọ inú igbó yẹn. Torí náà, bí mo bá rí igi ìbọn tí ọwọ́ ti dán, mi ò lè wò ó bí igi ìdáná.

5/
Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Igi rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan: ti iwájú wà lọ́tọ̀, ìdí wà lọ́tọ̀. Bóòtù gígùn kan ló gba inú ìdí kọjá lọ mú irin. Bóòtù yẹn kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀. Wàhálà wà lọ́dọ̀ àwọn síkúrúù kéékèèké tó wọ igi tààrà: àwọn tó di àwo idẹ ẹ̀yìn ìdí mú, àti àwọn tó di òrùka awọ ìgbékọ́ mú nísàlẹ̀.

6/
(Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára àwo idẹ yẹn. Inú ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ni ṣọ́jà ń kó ìgò òróró àti okùn tó fi ń nu inú ìbọn sí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.)

7/
Kí ló ń ba ihò jẹ́? Ẹ fojú inú wo ìgbálẹ̀ tí wọ́n so pinpin. Bí igi ṣe rí nìyẹn: fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró ti ara wọn. Bí síkúrúù bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, eyín rẹ̀ á dábùú fọ́nrán, á rí ibi di mú. Bó bá gba orí ìgbálẹ̀ wọlé, tó ń bá fọ́nrán lọ sí ọ̀nà kan náà, ńṣe ló kàn ń rá pálá láàárín wọn.

8/
Síkúrúù ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́yìn àwo idẹ, orí ìgbálẹ̀ ló gbà wọlé. Torí náà, láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìbọn yẹn ni ìdìmú rẹ̀ kò ti le tó ti àwọn yòókù. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Bí igi ṣe rí ni.

9/
Wá fi òróró kún un. Òróró linseed tútù ni wọ́n fi ń pa igi Lee-Enfield, ṣọ́jà á pa á, á tún pa á. Òróró ara irin náà á tún máa sàn wọ inú igi díẹ̀díẹ̀. Síkúrúù irin á dípẹtà, ìpẹtà á sọ igi tó yí i ká di dúdú, á sì di ẹlẹgẹ́. Lẹ́yìn 80 ọdún, ẹ tiẹ̀ ní kí ló máa di síkúrúù mú níbẹ̀?

10/
Èyí tó wá burú jù ni àwa fúnra wa. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tú àwo idẹ lóṣooṣù kí ẹ lè ya fọ́tò àmì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Gbogbo ìgbà tí síkúrúù bá jáde tó tún padà wọlé, ó ṣeé ṣe kó gé ọ̀nà tuntun fún ara rẹ̀. Igi tó yẹ kó dì í mú á di ìyẹ̀fun.

11/
Bó bá wá ń yí lásán, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé "wá èyí tó sanra jù ú lọ". Ó yá, ó rọrùn, kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó máa dì í mú lónìí, mi ò jiyàn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ẹ fi san owó ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn.

12/
Àkọ́kọ́: orí síkúrúù. Wọ́n gbẹ́ ojú àwo idẹ kí orí síkúrúù tirẹ̀ lè jókòó síbẹ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́. Orí èyí tó tóbi kò ní wọlé, á yọ síta, á máa fa aṣọ ya, á máa ha ògiri. Kí ló kù láti ṣe? Wọ́n á gbé díríìlì, wọ́n á fẹ ojú àwo idẹ náà. Ihò igi kan ṣoṣo ló bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, ó ti di nǹkan méjì.

13/
Ìkejì: síkúrúù tó sanra nínú orí fọ́nrán, iṣẹ́ èèlà ló ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti la igi ìdáná rí, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an la máa ń fi èèlà sí. Ìsàlẹ̀ ìdí ìbọn sì tinrín, etí ibẹ̀ kò jìnnà sí ihò. Bó bá fẹ́ là, ibẹ̀ ló máa là.

14/
Ìyá àgbà kan gbé ọ̀kan wá bá wa. Ìbọn tí wọ́n ti pa ni, kò lè yìn mọ́ láé. Ara ògiri ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú máa ń fi kọ́. Ṣọ́jà kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ti fi ọ̀bẹ fín lẹ́tà méjì sí ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀. Ẹnìkan ti bá wọn "tún" síkúrúù ẹ̀yìn ṣe, ó fi èyí tó sanra sí i. Igi là. Ibi tó là sí gba àárín lẹ́tà kejì kọjá.

15/
A lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ó mú, ó lágbára. Àmọ́ ìlà yẹn ṣì wà níbẹ̀, lẹ́tà yẹn kò sì ní pé mọ́. Màmá náà fi àtàǹpàkò pa á lára lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ wò ó, igi yẹn la ogun já. Síkúrúù owó kékeré ló pa á lára nínú pálọ̀.

16/
Ìkẹta ló ká mi lára jù: ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Ìwọ̀nba igi ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fi síkúrúù tó tóbi sí i, tí ìyẹn náà jẹ ihò tirẹ̀, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ yín á wá èyí tó tún tóbi sí i. Mo ti rí ihò tí ìka mi kékeré wọ̀. Ọwọ́ mẹ́ta ló ti gba ìbọn yẹn kọjá, ọwọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti jẹ nínú igi rẹ̀.

17/
Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ihò ló bàjẹ́, síkúrúù kọ́. Ẹ tún ihò ṣe. Ẹ fi igi dí ibi tí igi ti lọ, kí ẹ sì dá síkúrúù àkọ́kọ́ padà sí ipò rẹ̀. Báyìí la ṣe ń ṣe é.

18/
Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ẹni tó ni ìbọn rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kó sì yọ igi kúrò lára irin. Lẹ́yìn náà, ẹ wá síkúrúdíráfà tí ẹnu rẹ̀ kún ojú síkúrúù náà gẹ́lẹ́. Èyí tó bá kéré á yọ̀, á sì jẹ síkúrúù lójú. Ẹ sàmì sí èyí tó jáde láti inú ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ má dà wọ́n pọ̀.

19/
Ẹ fọ inú ihò. Gọ́ọ̀mù kì í mú igi olóróró. Àsítóònù la máa ń lò, ọ̀kan náà tí àwọn tó ń ṣe èékánná ń lò. Ẹ fi òwú kékeré tì í wọ inú ihò, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un ṣe títí òwú á fi jáde láìní àwọ̀. Ẹ má jẹ́ kó kán sí ara igi níta, á bó kíkùn rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná jìnnà síbẹ̀. Kí ó gbẹ pátápátá.

20/
Bí síkúrúù bá ṣì ń di nǹkan díẹ̀ mú, kò tíì burú. Ẹ gé igi líle sí wẹ́wẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi gọ́ọ̀mù igi pa á, ẹ kì í wọ inú ihò títí á fi há. Igi ìtayín náà ṣe é ṣe bí wọ́n bá fi igi líle ṣe é. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ihò ni èyí tó fún.

21/
Bí igi inú ihò bá ti dúdú, tó ń rún bí àkàrà gbígbẹ, ìtayín ò lè gbà á là. Èèkàn ló kàn. Ẹ fi díríìlì yọ gbogbo èyí tó ti bàjẹ́ títí ẹ ó fi kan igi tó yè, bíi mìlímítà 8 sí 10 ní fífẹ̀. Ẹ gbẹ́ èèkàn igi líle tó máa wọ̀ ọ́ ṣinṣin. Bí ẹ bá rí irú igi kan náà, ẹ lo ìyẹn.

22/
Ibí ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń ṣini lọ́nà. Igi róbótó tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù, gígùn rẹ̀ ni fọ́nrán rẹ̀ ń bá lọ. Bí ẹ bá kàn án wọ inú ihò, síkúrúù á tún gba orí ìgbálẹ̀ wọlé. Wàhálà àná lẹ tún fi owó rà yẹn. Ẹ gbẹ́ èèkàn yín kí fọ́nrán rẹ̀ dábùú, kí eyín síkúrúù lè gé e kọjá. Bí ẹyọ kan kò bá gùn tó, ẹ to méjì lé ara wọn.

23/
Ẹ fi gọ́ọ̀mù sí i. Bí òróró bá ṣì wà nínú igi lẹ́yìn gbogbo ìfọ̀ yẹn, ẹ lo èpóksì oní-méjì tí wọ́n ń pò pọ̀. Ó di wákàtí 24 kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní sùúrù. Ẹ lọ wo fíìmù.

24/
Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò tuntun, kó má fẹ̀ ju inú síkúrúù lọ láìka eyín rẹ̀. Ẹ fi àbẹ́là tàbí ọṣẹ gbígbẹ pa eyín síkúrúù. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìgbà tó bá ti mú, ẹ dúró. Kò sí àmì-ẹ̀yẹ fún ẹni tó bá yí i jù.

25/
Ẹ gba ẹ̀bùn kékeré kan. Nígbàkigbà tí ẹ bá ń dá síkúrúù padà sínú igi, ẹ kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi gbọ́ ọ tó já sílẹ̀ "kẹ́". Ó ti bọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni kí ẹ yí i síwájú. Kò ní gé ọ̀nà tuntun. Ká ní gbogbo èèyàn mọ èyí ni, mi ò bá má ti kọ ọ̀rọ̀ yìí rárá.

26/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká dáhùn ọ̀rọ̀ àwọn alátakò, mo ti ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn.
"Ẹ da súpágúlúù sí i." Ó máa ń gan, ó sì máa ń fọ́ bí wọ́n bá gbọ̀n ọ́n. Ìbọn tó ṣì ń yìn máa ń ta èèyàn léjìká, ẹ̀yìn àwo idẹ yẹn sì ni gbogbo ìtanísẹ́yìn yẹn ń bọ́ sí. Rárá o.

27/
"Ẹ kún ihò náà pẹ̀lú èpóksì, kí ẹ fi síkúrúù tí ẹ ti pa ní àbẹ́là ya eyín sínú rẹ̀." Èyí ní làákàyè. Ó le bí òkúta, mo mọ ọlọ́wọ́ gidi tó ń ṣe é. Àmọ́ bí àbẹ́là kò bá dé ibi kan, síkúrúù ti di ará ilé nìyẹn, kò ní jáde mọ́. Èèkàn igi, ẹlòmíì lè fi díríìlì yọ ọ́ lọ́la kó sì tún un ṣe. Mo fara mọ́ èyí tó ṣeé tún ṣe.

28/
"Ẹ ra ìdí tuntun." Ẹ jọ̀ọ́, gígùn ìdí Lee-Enfield kì í ṣe oríṣi kan. Wọ́n ṣe èyí tó gùn, èyí tó kúrú, àti èyí tó kúrú jù, kí kálukú ṣọ́jà lè rí èyí tó bá apá rẹ̀ mu. Igi náà ń sọ ìtàn: walnut ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ní Kánádà wọ́n lo birch, ní Lithgow ní Ọsirélíà wọ́n lo igi ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní coachwood. Bí ẹ bá yọ ọ́ sọnù, ẹ ti fa ojú ewé kan ya.

29/
(Ẹ má sì rò pé walnut yẹn ni àsálà tiwa o. Àsálà tiwa, ìtàkùn tó ń gun igi ni. Kò sẹ́ni tó lè fi ìtàkùn gbẹ́ ìdí ìbọn.)

30/
"Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ohun àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà." Mo bọ̀wọ̀ fún èyí jù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún ìbọn ṣe nínú ọmọ-ogun gan-an, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyí: ẹ wo igi ìbọn ogun dáadáa, ẹ ó rí èèkàn, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ti fi igi lẹ igi. Wọn ò jẹ́ kí ìdí kan ṣòfò torí ihò kan. Èèkàn tí ẹ bá fi sí i lónìí, ọ̀nà tiwọn lẹ tọ̀.

31/
Síkúrúù òrùka awọ ìgbékọ́ ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá. Awọ yẹn ló gbé ìbọn kọ́ èjìká. Bí òrùka bá já nígbà tí ẹ ń rìn, ìbọn á jábọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo tiyín níbi tí òfin ti gbà á, ẹ má fi gọ́ọ̀mù àti àdúrà dì í mú. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́.

32/
Bí ẹ bá fẹ́ tà á lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Abẹ́ àwo idẹ ni èèkàn wà, kò sẹ́ni tó máa rí i, ìdí tó fi yẹ kí ẹ sọ nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ihò wo, igi wo, gọ́ọ̀mù wo. Kò dín iyì rẹ̀ kù. Èyí tí wọ́n bá já lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á ló ń dín iyì ẹni tó tà á kù.

33/
Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò ní fọwọ́ kan Lee-Enfield láyé yín. Ẹ wo híńjì ilẹ̀kùn yàrá yín. Ẹ wo tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ Singer tí màmá àgbà fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Kó tó di pé kápíńtà mú síkúrúù gígùn jáde láti inú àpò rẹ̀, ẹ sọ fún un pé "ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi igi dí i ná."

34/
Nígbà kan nílé wa, bí igbá bá sán, wọ́n máa ń rán an ni. Wọn kì í wá igbá tó tóbi fi bo èyí tó sán mọ́lẹ̀. Ọwọ́ wa ti yá jù báyìí, a sì ń pe ìyára yẹn ní ọgbọ́n. "Ṣáà mánéèjì ẹ̀." Kò burú láti mánéèjì nígbà tí kò bá sí ọ̀nà. Ibi tí ọ̀nà wà, tí owó rẹ̀ ò ju ti igi ìtayín lọ, kí ló dé?

35/
Ó parí. Ẹ bi mí ní ìbéèrè nísàlẹ̀, màá dáhùn lálẹ́ bí mo bá kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ fi fọ́tò ihò yín ránṣẹ́, mi ò ní fi yín rẹ́rìn-ín (púpọ̀). Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ sọ pé síkúrúù ńlá lẹ fi ṣe tiyín tó sì dúró dáadáa, mo gbọ́. Ẹ padà wá sọ fún wa lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.